Ibi Tí Kásẹ́ẹ̀tì Ti Dákẹ́

Òtútù ni gbogbo ènìyàn fi dẹ́rù bà mí kí n tó kúrò ní Iléṣà. Wọ́n ra ìbọ̀sẹ̀ fún mi, wọ́n kó súwẹ́tà fún mi; ìyá kan nínú ìjọ wa tilẹ̀ fún mi ní fìlà onírun tí ó ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti Ìlú Ọba dé. Nígbà tí mo dé Mánṣẹ́sítà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo bá òtútù náà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì pẹ́ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ fi mọ ara wa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé mo lè kí ènìyàn lójú pópó kí ó máa bá tirẹ̀ lọ láìdáhùn. Inú kò bí i sí mi. Kò mọ̀ pé òun ni mò ń kí ni.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá mi, obìnrin kan tí kò dàgbà tó mi, mú mi wọ yàrá ìyá arúgbó kan tí kò ríran mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí màmá náà. Ọ̀gá mi rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi; òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi wá a lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Kí ló sọnù?" ni ìyá arúgbó náà béèrè láti orí àga rẹ̀.

Mo ní kò sí ohun tó sọnù, mò ń kí wọn ni.

"Ìkíni wo ló ń dé ilẹ̀?"

"Bí a ti ń kí àgbà nílé wa nìyẹn, mà."

Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n máa ṣọ́ra, kápẹ́ẹ̀tì yẹn kò mọ́."

Ó ní Mágírẹ́ẹ̀tì ni orúkọ òun, kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ láti pe ẹni tó dàgbà ju ìyá mi lọ lórúkọ láìfi nǹkan sí i. Mo pè é ní Màmá Mágírẹ́ẹ̀tì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò bímọ rí, ṣùgbọ́n òun ti di màmá kí òun tó jẹ oúnjẹ àárọ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún obìnrin yẹn. Fún bí oṣù mẹ́ta, òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo wá ilé ìjọsìn kan nítòsí yàrá mi, mo sì ń lọ. Àwọn ènìyàn náà dára, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó dáadáa, wọ́n ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí. Ní ilé wa, ibi tí ìsìn bá parí sí ni Ọjọ́ Ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, kí n tó ká ìwé orin mi, àga ti ṣófo. Èmi á wá padà sí yàrá mi, èmi á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ ìjọsìn lọ́rùn, nítorí pé bí mo bá bọ́ ọ, ọjọ́ náà ti parí nìyẹn.

*

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ tí mò ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Kò sí tẹlifóònù nílé wa ní Iléṣà. Àbúrò mi ọkùnrin, Káyọ̀dé, ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Òṣogbo, ó sì ń gbé nílé Alàájì kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Alàájì ló ní fóònù. Ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́, ìyá mi á wọ ọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí Òṣogbo, á jókòó sí pálọ̀ Alàájì, á máa retí mi.

Alàájì ló máa ń kọ́kọ́ gbé e.

"Alihamudulilai, gbogbo wa wà dáadáa. Ìyá Ìjẹ̀ṣà ti dé láti àárọ̀. Wọ́n ti gún iyán, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó wọkọ̀, wọn ò dẹ̀ mú tèmi dání."

Màá gbọ́ ohùn ìyá mi láti ẹ̀yìn: "Alàájì, ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Iyán kì í wọkọ̀."

Bí wọ́n bá ti kí mi tán, tí wọ́n ti béèrè bóyá mò ń gbàdúrà, tí wọ́n ti béèrè bóyá mò ń jẹun, ọ̀rọ̀ kíláàsì ló kù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé kíláàsì náà. Ìyá mi, tí à ń pè ní Yèyé, kì í ṣe tíṣà. Inú ìjọ ni wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà, nígbà tí wọ́n ti bí èmi àti àbúrò mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lè ka ẹsẹ kan fúnra wọn ni wọ́n ti sọ pé ayọ̀ náà pọ̀ jù fún ẹnìkan, wọ́n sì kó àwọn obìnrin tó ń ti oko kòkó wá sí ìjọ jọ, àwọn opó àti ìyá àgbà, ní wákàtí kan ṣáájú ìsìn. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ọ̀nà tí Yèyé ń gbà kọ́ wọn kò yí padà rí. Yèyé á ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á dákẹ́. Olúkúlùkù á fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tirẹ̀, wọn á jọ kà á, lẹ́yìn náà ẹnìkan á dá a kà. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bí ẹnìkan bá ń wá ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún un. Gbogbo wọn á dúró títí yóò fi rí i.

Ẹni tí wọ́n sì máa ń dúró dè jù ni Ìyá Ìmẹ̀sí. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti bí i, oko kòkó ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá sí ẹ̀bá Iléṣà. Àdá ti gé orí ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó, nítorí náà ìka àárín ló fi ń tọ ọ̀rọ̀. Kò yá nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá. Bí a bá ti dúró dè é pẹ́, á gbójú sókè, á ní, "Ẹ má wò mí. Ṣé èmi ni mo kọ ọ́?"

*

Ní ọdún kẹta mi ni ojú Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Káyọ̀dé ló sọ fún mi. Yèyé fúnra wọn kò sọ ọ́. Dókítà ní ohun tó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà. Nígbà tí ìyá mi gba fóònù, ohun tí wọ́n sọ kò kan ojú rárá.

"Wọ́n fẹ́ tú kíláàsì wa ká," ni wọ́n wí.

Bàbá alàgbà kan ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní nígbà tí Ìyá kò ríran mọ́, kí àwọn obìnrin náà lọ jókòó sínú kíláàsì ńlá, kí wọ́n máa gbọ́ àlàyé. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan rọ́pò Yèyé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn obìnrin fi fara dà á. Bí wọ́n bá ti dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, òun á ti kà á kọjá, á sì máa wo aago. Yèyé lè ka ohun tí wọ́n ti mọ̀ sórí, ṣùgbọ́n orí tuntun ni wọ́n ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bẹ àlùfáà. Àlùfáà ní kí wọ́n máa bá a lọ títí di Ìkórè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè ka ẹ̀kọ́ lórí pẹpẹ ní ọjọ́ Ìkórè, kíláàsì dúró. Bí kò bá sí, kí wọ́n jẹ́ kó parí pẹ̀lú ọpẹ́.

"Èmi ò bẹ̀rù kí n fọ́jú," ni Yèyé wí. "Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé kí n lọ kí ó dà bí ẹni pé mi ò wá."

Mo ní kí n máa bọ̀ wálé. Wọ́n ní kí n jókòó sídìí iṣẹ́ mi.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ọjọ́ Ẹtì ni mo wọ yàrá Màmá Mágírẹ́ẹ̀tì, mo bá a níbi tí ó ti ń gbọ́ ìwé. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ni ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti wà lórí tábìlì rẹ̀, tí ọkùnrin kan ń ka ìtàn fún un láti inú rẹ̀, mi ò sì fi ọkàn sí i rí. Lọ́jọ́ yẹn ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ibùsùn lọ́wọ́. Mo bi í pé ta ló ń ka ìwé wọ̀nyí. Ó ní àwọn tó lójú ni, wọ́n ń kà á sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní.

*

Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn. Ìyá mi sọ orí tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún mi, mo sì ka gbogbo rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán Sátidé kan. Mo kà á dáadáa. Mo gbé ohùn sókè níbi tó yẹ, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tó yẹ, bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rẹ́díò. Mo rí ẹni tó ń lọ sílé, mo fi rán an, inú mi sì dùn sí ara mi.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ní, "Ohùn rẹ dùn. Ta lo kà á fún?"

"Ẹ̀yin ni, Yèyé."

"Àwa kọ́. Ìwọ nìkan lo kà á. Níbo lo fi tiwa sí? Nígbà tí o ti parí orí, Ìyá Ìmẹ̀sí ṣì ń wá ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá aṣọ lo sá síta tí òjò sì ń bọ̀."

Ojú tì mí. Inú kíláàsì yẹn ni mo dàgbà sí. Èmi ni mo máa ń di ṣọ́ọ̀kì mú lẹ́yìn Yèyé nígbà tí mi ò tíì wọ ilé ìwé. Gbogbo ohun tí kíláàsì náà jẹ́ ni ìdúródè, òun gan-an ni mo sì gbàgbé. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi di ẹni tó ń sáré. Ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Bí mo bá pẹ́ ní yàrá kan, ọ̀gá mi á wo aago, èmi náà á wo aago. Mo ti ń wọ aṣọ fún Màmá Mágírẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí mo ti dé, nítorí pé bí mo bá jẹ́ kí ó de bọ́tìnnì rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò pẹ́.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin, mo dákẹ́.

Èmi ò mọ bí ó ti yẹ kí n dákẹ́ pẹ́ tó. Nítorí náà mo ṣí ìwé sílẹ̀ lórí itan mi, mo fi ìka àárín sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo sì ń lọ bí Ìyá Ìmẹ̀sí ṣe máa ń lọ, lẹ́tà kan, òmíràn, ìdádúró, ìmí. Ìgbà tí ìka náà bá dé òpin ni mo ń ka òmíràn. Orí kan ṣoṣo gba gbogbo ọ̀sán náà àti ojú kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Nígbà tí mo parí, mo rí i pé n kò dá nìkan wà láti ìgbà tí mo ti jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti wá sí ìlú yẹn, mo ti wà láàrin àwọn ènìyàn fún wákàtí méjì.

Ìdákẹ́ náà kò sì ṣófo bí mo ti rò. Ohun tó ń lọ lójúde mi ń bọ́ sínú rẹ̀. Nígbà kan tí mo tẹ fóònù, ìyá mi ní kíláàsì ní ìbéèrè.

"Ìyá Ìmẹ̀sí ní ìjọ wo ló ń kọjá lójúde rẹ tó ní irú agogo bẹ́ẹ̀?"

Ó gbà mí ní àsìkò kí n tó mọ ohun tí wọ́n gbọ́. "Ọkọ̀ tó ń ta yìnyín dídì aládùn ni, Yèyé. Àwọn ọmọdé ló ń fi orin yẹn pè."

Wọ́n yí sí ẹ̀yìn, wọ́n sọ ọ́ fún Alàájì. Mo gbọ́ ohùn Alàájì: "Nínú òtútù yẹn náà ni wọ́n tún ń ra yìnyín? Subuhanalai."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi Màmá Mágírẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ó de bọ́tìnnì rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, a pẹ́ gan-an, ọ̀gá mi yọjú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, màmá náà ti ń wọ aṣọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tán. Ọ̀gá mi dúró, ó wò ó. Láti ìgbà náà, kò wo aago mọ́ bí mo bá wà ní yàrá yẹn.

*

Kò rọrùn láti máa bá a lọ. Mo ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé míràn, mo sì máa ń dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Nígbà òtútù, ikọ́ mú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin tán. Mo sọ fún Káyọ̀dé pé ó ti rẹ̀ mí, bóyá kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

"Ẹ sinmi," ló wí. "Mi ò ní dá yín lẹ́bi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo rí. Mo lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun kò tíì dé, wọ́n sì gbé ti àtijọ́ sí i. Àwọn mẹ́jọ ló jókòó. Níbi tí ẹ ti húkọ́, Yèyé ní kí gbogbo wọn gbàdúrà fún yín kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ tó kàn."

Mo mu omi gbígbóná, mo gbé ẹ̀rọ náà sórí itan.

Ìkórè dé. Mo mọ ọjọ́ náà, mo mọ wákàtí náà. Mo jókòó nínú ilé ìjọsìn tèmi ní Mánṣẹ́sítà, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Mò ń gbàdúrà kan ṣoṣo: Olúwa, jẹ́ kí wọ́n dúró dè é.

Nígbà tí Sátidé dé, ẹni tó gbé fóònù kì í ṣe Alàájì, kì í ṣe ìyá mi. Ohùn náà le débi pé mo gbé e jìnnà sí etí.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Èmi ni. Ìyá Ìmẹ̀sí. Mo kà á."

Ìyá mi ń sọ fún un láti ẹ̀yìn pé kò nílò kí ó pariwo. Ó ní Ìlú Òyìnbó jìnnà, ó yẹ kí òun pariwo. Ó wá sọ ọ́ fún mi tán. Ó ka ẹsẹ mẹ́rin láìsí wàhálà. Nínú ẹsẹ karùn-ún, ọ̀rọ̀ gígùn kan dì í mú. Ìka rẹ̀ dúró. Bàbá alàgbà tó jókòó nítòsí pẹpẹ la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Ìyá rẹ dìde láti ìjókòó. Kò mọ ibi tí bàbá náà wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìmí rẹ̀. Ó ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè é.' Gbogbo ìjọ dákẹ́. Ọmọ mi, ó pẹ́. Òógùn bò mí. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

"Kí lẹ wá ṣe, mà?"

"Kí ni kí n ṣe? Mo rí i. Mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò ṣèèṣì."

*

Ó ti pẹ́ tí Yèyé mi ti lọ sinmi. Káyọ̀dé sọ fún mi pé kíláàsì náà ṣì wà, àwọn obìnrin tí mi ò mọ̀ ló sì wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Mo dúpẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìlú òkèèrè yìí gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, mi ò mọ bí a ti ń dá a lóhùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wà ní ilé fún ọdún kan àti ààbọ̀ ní ọ̀sán Sátidé, nínú yàrá kan ní Mánṣẹ́sítà, nípa dídákẹ́.

Bí ó ti parí nìyí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn Ìkórè yẹn, mo tẹ fóònù láti béèrè orí tó kàn. Ìyá mi ní kò sí orí tó kàn.

"Wọ́n ti tú yín ká, Yèyé?"

"Rárá. Mọ́kànlá ni wá báyìí. Ìyá Ìmẹ̀sí ló ń kà á fún wọn. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀rọ nínú kíláàsì òun. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ti ń sọ̀rọ̀, wọn kì í wo òun lójú."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá. Mo ti ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun márùn-ún. Inú mi dùn títí dé ìsàlẹ̀ ọkàn, àyà sì ń dùn mí bí ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó bí ọ nínú?" ni ìyá mi béèrè.

"Kò bí mi nínú, Yèyé. Mi ò kàn mọ ohun tí mo máa máa bá yín sọ ni."

"Tìrẹ," ni wọ́n wí. "Ó ti lé ní ọdún kan tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ kíláàsì nìkan, tí mo ń fi ìdajì wákàtí rẹ ṣe tàwọn ẹlòmíràn. Mo sọ fún Alàájì kí ó jáde fún wa lónìí. Ó ti jáde. Káyọ̀dé náà ti jáde. Mo jókòó dáadáa. Sọ fún mi bí o ti ń gbé. Má fo ibì kankan."

Mo fi ojú inú wo kíláàsì tí kò nílò mi mọ́, mo wo ìyá mi tó jókòó ní Òṣogbo tí ó ń retí. Mo nu ojú. Mo sì bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, láti orí ọbẹ̀ tí mo sè tí ó jóná.